Ọwọ́ Igi Òdán: Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Gé E àti Bí A Ti Í Gé E

Ọ̀rọ̀ igi ni mo mú wá fún yín. Kì í ṣe igi inú igbó tí ó jìnnà sí wa, igi òdán ni, èyí tí ó wà lójú ọjà àti níwájú ààfin, tí àwọn àgbà ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ìjì jà, tí ẹ̀ka ńlá kan já lulẹ̀ lójú ọjà, ariwo a sọ. Nígbà náà ni ìlú máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní kí a wó igi náà kí ó tó pa ènìyàn. Àwọn kan á ní igi àwọn baba wa ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n bá jiyàn tán, wọn a wá ohun tí wọ́n rò pé ó wà láàárín: wọn a pe ọmọkùnrin kan tí ó ní ayùn, òun a gun igi lọ, a sì gé gbogbo ọwọ́ rẹ̀ kúrò pátápátá, títí igi yóò fi dúró bí òpó ilé tí iná jó. Wọn a ní àwọn ti rẹ́wọ́ igi. Èmi ní tèmi kò ka ìyẹn sí rírẹ́wọ́ igi rárá. Ṣe ni wọ́n fi ewu pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú igi tí òdán í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ igi ọ̀pọ̀tọ́. Ọ̀pọ̀tọ́ ilẹ̀ Palẹ́sìtínì àti ti ilẹ̀ Tọ́kì, ẹbí kan náà ni òun àti òdán wa. Àwọn onímọ̀ nípa igi ń pe ẹbí náà ní Ficus, oríṣi rẹ̀ sì lé ní 750 káàkiri ayé. Òdán ni wọ́n ń pè ní Ficus thonningii, kí a lè fi rántí Peter Thonning, ará ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì kan tí ó wá ń ṣa ewé àti igi jọ ní etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà nísinsìnyí, láàárín 1799 sí 1803. Àwọn baba wa ti ń jókòó lábẹ́ òdán tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ í rí.

Àmì ẹbí náà kò ṣòro. Bí ẹ bá já ewé rẹ̀, oje funfun bí wàrà a yọ. Òdòdó rẹ̀ pẹ̀lú, inú èso ni ó fi í pamọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ ṣa èso òdán kan nílẹ̀, kí ẹ là á sí méjì, ẹ ó rí òdòdó wínníwínní tí ó kún inú rẹ̀. Kòkòrò kan tí ó jọ agbọ́n, ṣùgbọ́n tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ púpọ̀, ni ó máa ń wọ inú ibẹ̀ lọ bá a ṣe iṣẹ́ tí oyin ń ṣe lára òdòdó mìíràn.

Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin ọ̀pọ̀tọ́ jíjẹ ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́n púpọ̀ nípa rírẹ́wọ́ igi wọn, ẹnìkan sì lè ní kí a kúkú ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Kò lè bá wa mu tán. Ní ilẹ̀ wọn, òtútù ń mú débi pé igi ọ̀pọ̀tọ́ a wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀, a sì sùn. Nígbà tí ó bá sùn ni wọ́n ń gé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ro ti èso: oríṣi ọ̀pọ̀tọ́ mìíràn wà tí ó ń so lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, àkọ́so lára igi ọdún tí ó kọjá, èkejì lára ọ̀mùnú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Àgbẹ̀ tí ó bá gé gbogbo orí ẹ̀ka nígbà òtútù ti gé àkọ́so ọdún náà dànù. Nítorí náà, kí ó tó mú ọ̀bẹ, ó ti mọ ohun tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ igi. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí a lè rí kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa kò gbin òdán nítorí èso. Ẹyẹ àti àdán ni ó ń jẹ ẹ́. Òjìji ni a ń fẹ́, a sì ń fẹ́ kí ẹ̀ka má já lu ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun tí a bá gé tí kò ran ọ̀kan nínú méjèèjì yìí lọ́wọ́, a kàn dá igi lóró ni.

Nísinsìnyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ọgbẹ́ ń ṣe fún igi, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí abẹ bá gé wa lọ́wọ́, ẹran ara tuntun a hù níbẹ̀, ọgbẹ́ a sì jinná. Ara igi kì í jinná bẹ́ẹ̀. Ibi tí a gé lára igi, gígé ni yóò wà títí ayé. Ohun tí igi lè ṣe ni pé kí ó mọ odi yí ibẹ̀ ká láti inú, kí rírà má bàa ràn, kí ó sì máa hu igi tuntun bò ó láti ẹ̀yìn òde. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Alex Shigo, tí ó bá ilé iṣẹ́ igbó ìjọba wọn ṣiṣẹ́, ni ó la ojú wa sí èyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ni ó fi ayùn oní-ẹ́ńjìnnì là láti òkè dé ilẹ̀, kí ó lè rí ọ̀nà tí rírà ń gbà rìn nínú wọn. Ní 1977 ni ó kọ̀wé jáde nípa odi mẹ́rin tí igi ń mọ. Ó kú ní 2006, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tọ́jú igi káàkiri ayé ń lo ìmọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Níbo ni odi náà ti lágbára jù? Ẹ lọ wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára ìtí igi. Ẹ ó rí i pé èèpo ibẹ̀ wú díẹ̀ yíká, ó sì ká jọ, bí ọwọ́ agbádá tí a ká lé èjìká. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ọrùn ẹ̀ka. Ara ìtí ni ọrùn yìí, kì í ṣe ara ẹ̀ka, inú rẹ̀ ni igi sì ti ń mọ odi. Ẹni tí ó bá gé ẹ̀ka tí ó sì gé ọrùn náà mọ́ ọn, tí ó fẹ́ kí ara igi dán gbọ̀ọ́rọ́, ti wó odi náà, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún rírà. Ẹni tí ó fi kùkùté gígùn sílẹ̀ náà kò ṣe é re: kò sí ewé tí yóò máa bọ́ kùkùté náà, yóò kú, yóò rà, ikán á wọ̀ ọ́, olú á hù lára rẹ̀, igi kò sì ní lè bo ojú ọgbẹ́ nítorí pé kùkùté dí i lọ́nà. Ẹ̀yìn ọrùn gẹ́lẹ́ ni kí ayùn ti kọjá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ ó rí igi tuntun tí ó ń hù bọ̀ yí ojú ibẹ̀ ká bí òrùka.

Ẹ má fi ọ̀dà kun ún o. Mo mọ̀ pé àṣà ni. Ẹlòmíràn ń lo ọ̀dà, ẹlòmíràn ń lo amọ̀, mo ti rí ẹni tí ó fi ọ́ìlì mọ́tò pa ojú ọgbẹ́ igi. Shigo àti àwọn mìíràn dán an wò fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì rí i pé kò dá rírà dúró. Ojú ọgbẹ́ tí a gé dáadáa, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún.

Ẹ ti lè rí ohun tí ó burú nínú gígé orí igi kúrò pátá báyìí. Òdán kì í tètè kú bí a bá bẹ́ ẹ lórí, ìyẹn ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Bí òjò bá ti rọ̀, èéhù a bo gbogbo orí kùkùté. Kí ọdún méjì tó pé, orí igi á ti dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ará ọjà a sì ní, “Ẹ ò rí i pé gígé yẹn dára!” Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn èéhù náà ti yọ. Ẹ̀ka àkọ́kọ́, àti kékeré ni òun àti igi ti jọ ń dàgbà; bí igi ti ń nípọn lọ́dọọdún ni ó ń wé ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka náà, tí wọ́n di ọ̀kan. Èéhù tí ó sọ létí ibi tí a gé kò ní gbòǹgbò nínú bẹ́ẹ̀. Abẹ́ èèpo ni ó ti yọ, ó kàn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kùkùté ni. Mẹ́wàá tàbí ogún lè sọ lójú kan, gbogbo wọn a máa du ìmọ́lẹ̀, wọn a máa ga sókè. Lábẹ́ wọn ni kùkùté ti ń rà, nítorí ojú ọgbẹ́ náà tóbi ju ohun tí igi lè bò lọ. Ọdún ń gorí ọdún, èéhù ti nípọn tó itan ọkùnrin, ó ti wúwo, orí igi rírà ni ó sì dúró lé. Ìjì kan ṣoṣo ló kù.

Bí wọ́n bá ti bẹ́ òdán ìlú yín lórí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́ tán. Kí ẹ yan èéhù kan tàbí méjì tí ó lágbára, tí ó sì jìnnà síra, lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa yọ ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má ṣe yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ebi á pa igi, nítorí ewé ni ó ń se oúnjẹ fún gbòǹgbò.

Ìgbà wo wá ni ó yẹ? Ẹ̀ka tí ó ti kú, tàbí tí ó ti ya tí ó rọ̀ dirodiro, kò ní àkókò; ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ gé e. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó kú, ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ tí ó ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Ní ti ẹ̀ka tútù, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù ní ilẹ̀ wa, láti bí ìgbà tí ọyẹ́ bá ń lọ, ní ìparí oṣù kìíní, títí di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ kò tíì dé, ní nǹkan bí oṣù kẹta. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọgbẹ́ a tètè gbẹ. Olú àti èbíbu tí ń ra igi kò pọ̀ kiri bí ìgbà òjò. Bí òjò bá sì ti dé, igi a jí pẹ̀lú agbára, a bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo kà sí jù ni ìjì. Ìjì oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ni ó máa ń ya igi jù, nítorí náà ṣáájú rẹ̀ ni kí a ti mú kí igi fúyẹ́. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà pẹ̀lú, ìgbà òjò ni wọ́n sábà máa ń pamọ. Ẹni tí ó bá gé igi nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò ní da ọmọ ẹyẹ púpọ̀ sílẹ̀.

Ẹ ó rí i pé ìṣòro kan wà níbẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni òòrùn ń mú jù. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá gbé àkàbà dé, ìyálọ́jà a ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé oṣù kejì tí òòrùn mú bí iná yìí ni ẹ fẹ́ ṣí ilé lórí wa?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ dá a lóhùn pé, “Ìyá, a kò ní mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ,” kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ. Kì í ṣe nítorí rẹ̀ nìkan: igi tí ó pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé rẹ̀ lọ lọ́dún kan, ara rẹ̀ kì í yá bọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ gé ìhà tí àtẹ kò sí lọ́dún yìí, kí ẹ gé ìhà kejì lọ́dún tí ń bọ̀.

Èwo ni kí a gé nínú àìmọye ẹ̀ka? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ẹ má tíì gun igi. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí i ká láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ wo èyí tí ó ti kú. Ẹ wo ẹ̀ka méjì tí ń ha ara wọn, kí ẹ mú èyí tí ó rẹlẹ̀ ní ipò kúrò. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka méjì ti jọ dìde tí wọ́n sún mọ́ra jù, tí èèpo há sáàárín wọn. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò lágbára, ó sàn kí a tètè dín ọ̀kan kù. Ẹ wo ẹ̀ka gígùn tí ó nà jìnnà sórí ìsọ̀ tí gbogbo ewé rẹ̀ wà lórí ṣóńṣó. Kò di dandan kí a gé irú ìyẹn ní ìdí. A lè gé ṣóńṣó rẹ̀ padà dé ibi tí ẹ̀ka kékeré kan tí ó lágbára ti yọ, kí ìwúwo rẹ̀ dín kù. Gbòǹgbò tí ń rọ̀ láti òkè, tí ó ti kanlẹ̀ tí ó sì nípọn, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti di ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún igi.

Ọ̀nà gígé ẹ̀ka ńlá nìyí. Ẹni tí ó bá fi ayùn gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè yóò rí i pé kí ayùn tó kọjá, ẹ̀ka ti wó, ó sì ti bó èèpo igi lọ sílẹ̀ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń gé e. Ẹ jìnnà sí ìtí tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ gé e láti ìsàlẹ̀ wọnú díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin nínípọn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sún síwájú díẹ̀ sí i, kí ẹ gé e láti òkè títí yóò fi já. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ ya, ibi tí ẹ kọ́kọ́ gé ni yíya náà yóò ti dúró. Kùkùté fúyẹ́ ni yóò kù. Òun ni ẹ ó wá fi sùúrù gé lẹ́yìn ọrùn ẹ̀ka. Ẹ fi okùn so ẹ̀ka tí ó bá wà lókè ìsọ̀, kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ayùn mímú ni kí ẹ lò. Àdá a máa fọ́ igi yángayànga.

Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ ọjà. Bí waya iná mànàmáná bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má dá a ṣe, ẹ pe ilé iṣẹ́ tí ń pín iná kí wọ́n wá pa á ná. Ẹ wò ó bóyá oyin wà níbẹ̀. Òdán mìíràn sì wà tí ó jẹ́ ti ààfin tàbí tí wọ́n ń bọ nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ni ín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Oje rẹ̀ a máa ta ènìyàn lójú, a sì máa mú kí ara ẹlòmíràn yún, nítorí náà aṣọ alápá gígùn dára, kí ọṣẹ àti omi sì wà nítòsí. Bí oje bá lẹ̀ mọ́ ayùn, òróró tàbí kẹrosíìnì ni ó ń ṣí i.

Àìsàn mìíràn wà tí ayùn kò lè wò. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn àdá gbá ìdí igi tí ó sì dún bí ìlù, bí olú líle bí pákó bá ń hù ní ìdí rẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ ìhà kan ń sán tí ó sì ń gbé sókè lẹ́yìn ìjì, ẹ kó àtẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìgbó. Ó lè jẹ́ pé wíwó ni ó kàn. Púpọ̀ nínú irú àìsàn yìí, àwa ni a fà á: a dáná sun ilẹ̀ ní ìdí igi, a kan ìṣó mọ́ ọn lára, a fi kankéré bo gbogbo gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí òdán kékeré wà nínú ọgbà yín, tiyín rọrùn jù. Ẹ yan ọ̀kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ ìtí, kí ẹ máa gé èyí tí ń bá a dù ú. Bí ó ti ń ga, ẹ máa yọ àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, títí ènìyàn yóò fi lè rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìtẹrí. Ẹ̀ka tí ó tóbi bí àtàǹpàkò, ọ̀bẹ ni ó tó o, ọgbẹ́ rẹ̀ a sì pẹ́jú kíákíá. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, yóò gba àkàbà, okùn àti ọkùnrin mẹ́ta.

Ẹ má sun ohun tí ẹ gé. Ewúrẹ́ àti àgùntàn a máa jẹ ewé òdán. Bí ẹ bá sì fẹ́ òdán mìíràn, ẹ mú ẹ̀ka tí ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji kí oje rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀, kí bí ẹsẹ̀ bàtà méjì rẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri ilé àti kànga, nítorí gbòǹgbò rẹ̀. Kí ẹ sì sé ọgbà yí i ká títí orí rẹ̀ yóò fi ga ju ibi tí ewúrẹ́ lè nà dé bí ó bá dìde lórí ẹsẹ̀ méjì.